Ehoro Tí Èmi àti Yèyé Ùsì Jọ Ni

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín pé mo sunkún nítorí ehoro, kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, mo fún un láyè. Ní Ìdó Èkìtì tí wọ́n bí mi sí, tí mo sì dàgbà sí, ẹran ìgbẹ́ ni ehoro ń jẹ́. Ọdẹ á yìnbọn fún un, obìnrin á fi ata sè é, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ni mo gbé ehoro sábẹ́ àga, tí mo ń bi í láràárọ̀ pé ṣé ó sùn dáadáa. Imú ló fi ń dá mi lóhùn. Imú rẹ̀ kì í sinmi, ọ̀rọ̀ wa sì máa ń wọ̀ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kó mi sí i. Yèyé Ùsì ni gbogbo ilé wa ń pè é, nítorí Ùsì ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ kò sì jìn sí wa. Obìnrin gíga ni, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sí ohun tí èèyàn máa sọ pé kò lè ṣe tí kò ní ṣe lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tíṣà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Ùsì mú abo ehoro kan wá sí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe ehoro inú igbó wa yìí. Ehoro òyìnbó ni, ó funfun báláú, ojú rẹ̀ pupa. Wọ́n ta iṣu ní gbànjo, wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ta àkùkọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ehoro yìí sókè, kẹ́kẹ́ pa. Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé kò sí obìnrin tó lè gbé ẹran ojú pípọ́n yìí sùn sílé. Yèyé Ùsì dìde, ó sì rà á.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tó fi rántí pé ọdẹ ni ọkọ òun, àti pé àwọn ajá ọdẹ ló ń sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ló bá yí padà, ó gbé ẹran karí, ó di Ìdó. Ibi tí mo ti ń fọ àwo ló bá mi.

"Ùwọ ọmọ yìí," ó ní, "gba èyí. Àgbàsìn ni o, mi ò fi tọrẹ. Má sì sọ ọ́ lórúkọ, torí ohun tí èèyàn méjì bá jọ ni, ẹnì kan kì í dá sọ ọ́ lórúkọ."

Mo ti mọ àgbàsìn tẹ́lẹ̀, kò sí agbolé tí wọn kì í ti í ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ni abo ẹran á gbé e fún ẹlòmíràn pé kó máa bá òun sìn ín, wọn á sì máa pín ọmọ rẹ̀. Bí ẹran náà bá ń ṣàìsàn, ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ni ín. Bó bá kú, ó gbọ́dọ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ hàn án, kí wọ́n má baà ní ó tà á jẹ. Bó bá sì darúgbó tí kò bí mọ́, wọn á pa á, wọn á pín in sí méjì. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe é, àti adìyẹ. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan fi ehoro ṣe é, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún Yèyé Ùsì?

Tíṣà náà ṣì ní akọ nílé, nítorí náà kò pẹ́ tí tiwa fi bẹ̀rẹ̀ sí bímọ. Kó tó bí, á máa fi ẹnu tu irun àyà ara rẹ̀, á fi tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, mo sáré pe bàbá mi. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Kò dàrú," ó ní. "Ìyá ọmọ ni."

Bí àwọn ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, Yèyé Ùsì á dé pẹ̀lú agbọ̀n. Á ní kí n tẹ́ ẹní, kí n kó wọn lé e. Ẹni tó ni ìyá ló ń kọ́kọ́ mú, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Á yí ẹní ká, á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka kan èyí tó sanra jù, á ní, "Mo mú tèmi. Mú tìrẹ." Èmi náà á mú. "Mo mú tèmi. Mú tìrẹ." Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí ẹní á fi ṣófo. Inú máa ń bí mi, torí ojú rẹ̀ mọ ẹran wò ju tèmi lọ, kò sì jẹ́ ṣàánú èyí tó rù kó mú un rí. Nígbà kan mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù," ó ní, ó sì mú èyí tí mo ti ń wò láti àárọ̀.

Bàbá mi ní tirẹ̀ fẹ́ràn ẹran, èyí tó pọ̀ nínú ìpín mi ló sì gba inú ìkòkò lọ. Ìyá wọn gan-an, Ọbẹ̀ Ọ̀la ni bàbá mi ń pè é. Bó bá ti oko dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọbẹ̀ Ọ̀la, ẹ kú ilé o." Mo ní Yèyé Ùsì ti sọ pé a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní òun kò sọ ọ́ lórúkọ, ètò ni òun ń ṣe. Ó mọ̀ pé màá fajú ro, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo jáde ilé ìwé, mo kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, mo sì gbé máṣíìnì kalẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá mi. Máṣíìnì tí a ń fi ọwọ́ yí ni, nítorí náà ẹsẹ̀ mi ṣófo, ehoro yìí sì rí ibi gbórí lé. Ó ń jẹ etí aṣọ àwọn oníbàárà mi, mo ń sọ fún wọn pé eku ni. Nígbà tó yá, kò bímọ mọ́. Irun ẹnu rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó wá ń fo bí ìyá arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Yèyé Ùsì kò gbé agbọ̀n wá mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ pàdé mi kó má béèrè: "Ẹran wa ńkọ́?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹran àgbàsìn tó ti dàgbà tán ṣe. Màá ní ó wà, màá sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọwọ́ mi kan kókó kan lára rẹ̀. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì aṣọ ya irun rẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ orí ọmú ló wà, ó le, ó tó èkùrọ́, ó sì ń yẹ̀ sí ọ̀tún yẹ̀ sí òsì lábẹ́ awọ. Bàbá mi ní eéwo ni, kí n fi òrí pa á. Mo fi òrí pa á títí òrí tán. Kókó náà kò rọ̀, kò tú. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ máa rọ̀, ó ti tó ẹyin ẹyẹlé, awọ ibẹ̀ fà, ó ń dán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi jókòó tì wá, ó ń wò ó. "Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," ó ní. "Eléyìí wá ńkọ́? A ti jẹ gbogbo ọmọ rẹ̀ tán." Ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì rẹ́rìn-ín.

Dókítà ẹran kan máa ń wá sí Ìkọ̀lé nígbà náà, ó ń yẹ àwọn màlúù tí wọ́n ń dà bọ̀ láti Òkè Ọya wò. Mo gbé ehoro sínú agbọ̀n, mo fi aṣọ bò ó, mo wọ lọ́rì. A kọjá Ìfàkì, a kọjá Ọ̀yẹ́, eruku ń wọlé, mo ń fi ọwọ́ bo agbọ̀n. Obìnrin kan tó jókòó tì mí ṣí aṣọ wò, ó ní ṣé títà ni. Mo ní aláìsàn ni. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àyè sì gbà wá dáadáa.

Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni dókítà náà, bàtà rẹ̀ kún fún ìgbẹ́ màlúù. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣí agbọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú mi, ó lọ fọ ọwọ́. Ó fi ìka tẹ kókó náà yí ká, ó tẹ abẹ́ apá rẹ̀, ó tẹ inú rẹ̀.

"Sisí," ó ní, "jẹjẹrẹ ni."

Mo bi í pé kí la lè ṣe. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní òun lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n oògùn oorun tí òun ní, ti ẹran ńlá ni. Bí òun bá fún un ní díẹ̀ jù, yóò mọ ọ̀bẹ lára. Bó bá lé díẹ̀, kò ní jí mọ́, torí ó ti dàgbà. Bó bá jí, ó lè lo ọdún kan sí i, ó sì lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà ti wọnú lọ tí gbogbo ìyà yẹn á fi já sí asán. Bí mo bá fi í sílẹ̀, yóò máa jẹ, yóò máa sùn, títí yóò fi di ọjọ́ kan tí kò ní jẹ mọ́. Kí n wá gbé e wá lọ́jọ́ náà, òun yóò gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Èwo lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni: "Àgbàsìn ni."

Ó yọwọ́ lára ehoro bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó ní òun ti tọ́jú ewúrẹ́ àgbàsìn kan rí láìgbọ́ tẹnu ẹni tó ni ín. Ewúrẹ́ kú, ẹni tó ni ín sì gbé àdá dé. "Ẹ lọ gbẹnu ẹni tó ni ín wá," ó ní. "Tí mo bá tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó mọ èyí tí a máa ṣe."

Inú bí mi títí mo fi délé. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, apá kan nínú mi fúyẹ́. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́. Bí Yèyé Ùsì bá ní kí wọ́n gé e, tí ó bá kú, ẹ̀bi tirẹ̀ ni. Ohun tó kàn ń bà mí lẹ́rù ni pé kò ní mú ọ̀kankan nínú èyí tí dókítà kà sílẹ̀. Ó lè ní kí a pa á, kí a pín in, kò sì sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi.

Ní ọjọ́ kejì mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ùsì. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, ó ń pa èkùrọ́. Ọkọ rẹ̀ ti fi ìbọn sílẹ̀ nígbà náà, ajá kan ṣoṣo ló kù nínú ilé, ìyẹn náà ti fọ́jú. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ṣí aṣọ kúrò lórí agbọ̀n. Ó sọ òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Láti ìgbà ọyẹ́, Yèyé."

"Ùwọ kò sì sọ fún mi."

"Mo rò pé eéwo ni."

"O rò pé màá pa á."

Mo ka gbogbo ohun tí dókítà sọ sílẹ̀ fún un, mo sì ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Yèyé. Ohun tí ẹ bá ti sọ ni a ó ṣe."

Ó ní, "Tẹ́ ẹní."

Mo mọ ohun tí ẹní wà fún láàárín èmi àti rẹ̀. Síbẹ̀ mo tẹ́ ẹ. Mo gbé ehoro lé e, ehoro sì jókòó, ó ń mi imú bí ìṣe rẹ̀. Yèyé Ùsì dìde, eékún ń dùn ún nígbà náà, síbẹ̀ ó yí ẹní ká gẹ́gẹ́ bí àtijọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan tì í dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ìka ọwọ́ kejì kan kókó náà.

"Mo mú tèmi," ó ní. "Mú tìrẹ."

Kò yé mi.

"Kókó yìí ni tèmi nínú rẹ̀, mo ti mú un. Gbogbo èyí tó kù, tìrẹ ni. Bí o bá ní kí wọ́n gé e, tèmi ni wọ́n gé. Bí ẹran bá bá a lọ, ohun tèmi ló pa á, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú ọ, ùwọ náà ò gbọdọ̀ bú ara rẹ. Bí o bá fi sílẹ̀ tó ń dàgbà, tèmi náà ni."

"Yèyé, kí ni kí n wá ṣe?"

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ ọ́n? Èèyàn kì í pàṣẹ lórí ẹran ẹlẹ́ran. Wọ unú ulé lọ, uyán wà níbẹ̀."

Mo bínú sí i gan-an. Ẹnu rẹ̀ ni mo wá gbà, ẹran ló kó lé mi lọ́wọ́. Mo sunkún sórí iyán yẹn, mo sì jẹ ẹ́ tán, torí pé iyán rẹ̀ dùn.

Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, mo gbé agbọ̀n mi, mo ní Ìkọ̀lé ni mò ń lọ. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọbẹ̀ Ọ̀la ń rìnrìn àjò?" ó ní. Ó wá mú ewé ọ̀dúnkún jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ewé tútù tó já wá láti oko, ó kó o sínú agbọ̀n, ó sì wọlé lọ láìwẹ̀yìn.

Lọ́rì pẹ́ kó tó dé. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, mo ṣí aṣọ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ó ń jẹ ewé ọ̀dúnkún náà. Láti ìdí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa fà á wọlé díẹ̀díẹ̀ títí kan góńgó, ẹnu rẹ̀ á máa dún wúruwùru. Nígbà tó jẹ ọ̀kan tán, ó na ọrùn, ó lá ọrùn ọwọ́ mi, ó tún mú òmíràn. Mo wò ó, ó sì yé mi pé òun kò mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mò ń gbé e rù káàkiri Èkìtì. Òun, ewé ló mọ̀, àti ẹsẹ̀ mi lábẹ́ máṣíìnì. Mo fẹ́ mú èyí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, nítorí ọdún kan tí dókítà gan-an kò dá lójú.

Lọ́rì dé. Ọmọ ọkọ̀ ń ké, "Ìkọ̀lé! Ìkọ̀lé!" Ó ní, "Sisí, ẹ wọlé." Mo ní mi ò lọ mọ́. Ó ní kí ló dé tí mo wá jókòó di ọ̀nà bí òrìṣà láti àárọ̀. Mo sọ èyí tó tó o fún un, mi ò ní tún un sọ níbí, mo sì gbé ehoro mi padà sílé. Bàbá mi gbójú sókè láti ibi tó ti ń pọ́n àdá. "Ọbẹ̀ Ọ̀la, ẹ káàbọ̀," ó ní. Ó sì ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ.

Ehoro náà ṣì wà láyé ní ìgbà òjò ọdún yẹn. Bàbá mi tó ní ètò ọbẹ̀ lọ́kàn gbin ọ̀dúnkún sẹ́yìn ilé, ó ní oko ti jìn jù. Nígbà tí kókó náà wúwo tí kò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀ dáadáa, mo fi àjákù aṣọ rán tìmùtìmù kan fún un, mo dá ihò sí i láàárín, kí kókó Yèyé Ùsì lè rí ibi jókòó. Yèyé Ùsì fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ọjọ́ ọjà kọjá láìyà sílé wa.

"Tèmi ńkọ́?" á béèrè.

"Ó ń sanra, Yèyé."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi ń jẹun."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," á ní, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Iṣu tuntun ti jáde nígbà tó wá kọ ewé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo fi ọ̀dọ́ ewé lọ̀ ọ́, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti ń ro bí màá ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà fún abẹ́rẹ́ tó ṣèlérí. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mi, mo ń yí máṣíìnì lọ, mo ń bá a sọ̀rọ̀ nípa búláòsì tí mò ń rán. Mo bi í léèrè nǹkan kan, mo sì wo ìsàlẹ̀ láti rí ìdáhùn rẹ̀. Imú rẹ̀ ti dúró.

Ẹran tèmi ni, mi ò ní láti gbé òkú rẹ̀ lọ hàn ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mo tẹ́ ẹ sórí tìmùtìmù rẹ̀ nínú agbọ̀n. Bàbá mi gba agbọ̀n náà lọ́wọ́ mi, ó bá mi gbé e dé ẹ̀yìn ìlú, kò pe Ọbẹ̀ Ọ̀la lọ́jọ́ náà. Mo dá gbé e dé Ùsì.

"Ta ló ní kí o gbé e wá hàn mí?" Yèyé Ùsì ní. "Ṣebí mo ti fún ọ."

"Tiyín wà lára rẹ̀, Yèyé."

Ó wo inú agbọ̀n. "Tẹ́ ẹní," ó ní.

Mo tẹ́ ẹ. Mo gbé e lé e. Ó funfun sórí ẹní náà bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e sókè níbi ìkórè. Yèyé Ùsì kò yí ẹní ká. Ó dúró sójú kan, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ti òní," ó ní, "ùwọ ni kó kọ́kọ́ mú."

Láti kékeré ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo na ìka sí etí rẹ̀, mo fà á padà. Mo na án sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń fi fọ ojú, mo tún fà á padà. Kódà mo wo kókó náà, tó ti bá a gbé orí tìmùtìmù kan náà ní gbogbo ìgbà òjò.

"Yèyé," mo ní, "mi ò rí ibi tí mo lè fi sílẹ̀."

Ó jókòó tì mí lórí ẹní pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún yẹn, ó sì fi ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "A ò ní pín eléyìí." Ó ní kí n lọ mú ọkọ́ wá, a sì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní odindi.